Òkú tó ṣètò ìsìnkú ara rẹ̀: ìdáhùn sí ìbéèrè nípa ikú Póòpù Francis

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Màmá mi ló ní kí n bá àwọn béèrè. Inú Ìjọ Àgùdà ni wọ́n dàgbà sí, níbí ní Ọ̀yọ́. Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2025 la jọ wo Póòpù Francis lórí tẹlifíṣàn tó ń súre fún ayé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ní ó ti kú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi sin ín, wọ́n sin ín sínú ilẹ̀, kò tún sí nínú Vatican. Màmá ní irú ìsìnkú wo nìyẹn fún ẹni ńlá bẹ́ẹ̀, àbí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ ni? Aládùúgbò wa kan tún sọ fún wọn pé òòlù fàdákà ni wọ́n fi máa ń kan Póòpù níwájú orí láti mọ̀ bóyá ó ti kú lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ lọ sí Róòmù, ibo ni yóò ti rí ibojì náà?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá dáadáa. Ìbéèrè wọn mọ́gbọ́n dání, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ ka ìdáhùn yìí fún wọn títí dé òpin. Ẹnikẹ́ni kò sáré sin Póòpù Francis, ẹnikẹ́ni kò sì fojú kéré òkú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tún ìwé ètò ìsìnkú àwọn Póòpù ṣe, òun ló yan ibi tí wọ́n gbẹ́, òun ló sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sára òkúta. Àṣẹ rẹ̀ ni àwọn tó kù tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí àìsàn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìfura màmá ti ṣẹ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2025 ni Póòpù wọ ọsibítù Gemelli ní Róòmù. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ikọ́ àti èémí ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, débi pé ẹlòmíràn ló ń bá a ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ní ọjọ́ kẹrin tó débẹ̀, àyẹ̀wò fi hàn pé òtútù àyà ti mú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ méjèèjì. Ẹni ọdún 88 ni. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì pé tẹ́lẹ̀: nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 21 ní Argentina, àìsàn kan kọlù ú tó le gan-an, wọ́n sì gé apá kan ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún rẹ̀ kúrò. Àgbàlagbà tí òtútù àyà bá mú nírú ipò bẹ́ẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, èémí há mọ́ ọn láyà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó lágbára sí i nímú, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ní ọjọ́ 28, ó bì, díẹ̀ nínú èébì náà sì gba ọ̀nà èémí wọlé. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ le jù. Dókítà Sergio Alfieri, tó ṣáájú àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀kan nínú méjì ló kù fún àwọn: kí àwọn jọ̀wọ́ rẹ̀ kó máa lọ, tàbí kí àwọn lo gbogbo oògùn àti ìtọ́jú tó bá wà, bó tilẹ̀ lè ṣe ẹ̀yà ara mìíràn ní jàǹbá. Nọ́ọ̀sì Póòpù, Massimiliano Strappetti, ló ní kí wọ́n gbìyànjú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má ṣe jáwọ́. Wọ́n gbìyànjú, Ọlọ́run sì gbà fún wọn nígbà náà.

Láàárín gbogbo èyí, Vatican ń gbé ìròyìn àìsàn náà jáde lójoojúmọ́, wọ́n sì ń pe àìsàn ní orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kejì, àwọn èèyàn ń pé jọ lálaalẹ́ sí gbàgede Pétérù Mímọ́ láti gba àdúrà Rósárì fún un. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ fún wọn. Èdè Spéènì ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ń wá èémí láàárín ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn yẹn mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Òun ló yọ̀ǹda kí ayé gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́sibítù ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, lẹ́yìn ọjọ́ 38. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí nìyí: wọn kò dá a sílẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Àwọn dókítà ní kó lọ sinmi fún oṣù méjì gbáko. Àmọ́ ọdún Àjíǹde ti wọlé dé, kò sì fẹ́ wà nínú yàrá. Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, ó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Regina Coeli. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti wẹ ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ́jọ́ yẹn bí Jésù ṣe wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Lọ́tẹ̀ yìí agbára rẹ̀ kò gbé e. Ó sọ fún wọn pé òun kò lè ṣe é, àmọ́ òun fẹ́ wà lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ Àìkú tí màmá rí i, ìkíni ọdún péré ló lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kí wọ́n tó bá a ka ìyókù. Lẹ́yìn tó súre, ó bọ́ sínú ọkọ̀ funfun, ó yí gbàgede ká láàárín èrò. Kó tó gùn ún, ó bi nọ́ọ̀sì rẹ̀ léèrè bóyá òun á lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó mú òun padà sí gbàgede náà.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹrin, ara rẹ̀ yí padà. Wákàtí kan àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, lórí ibùsùn rẹ̀ ní ilé àlejò Santa Marta tó ń gbé, ó juwọ́ sí Strappetti bí ẹni tó ń dágbére, kò sì mọ nǹkan kan mọ́. Ó kú ní aago 7:35. Ìwé ẹ̀rí ikú tí dókítà Vatican, Andrea Arcangeli, fọwọ́ sí sọ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú, ó dákú, ọkàn rẹ̀ sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ó to àwọn àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ mọ́ ọn: òtútù àyà, ẹ̀dọ̀fóró tó ti bà jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Màmá fúnra wọn á ti rí irú rẹ̀ ní àdúgbò. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lè bá èèyàn jẹun alẹ́ kí rọpárọsẹ̀ tó dé láàárọ̀. Kò sí ohun tó ṣókùnkùn nínú pé a rí i ní Àìkú, ó kú ní Ajé.

Ṣùgbọ́n mi ò bá màmá wí pé wọ́n fura, torí Vatican ìgbà kan rí ló kọ́ ayé ní ìfura yẹn. Ẹ wo ọdún 1978. Póòpù John Paul Kìíní lo ọjọ́ 33 péré lórí oyè, wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí ibùsùn. Obìnrin kan nínú àwọn sístà tó ń tọ́jú ilé ló kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n ìkéde tí wọ́n ṣe sọ pé akọ̀wé rẹ̀, tó jẹ́ fàdá, ni. Irọ́ kékeré yìí ni àwọn èèyàn fi ran ìtàn ìpànìyàn tí kò tíì tán nílẹ̀ dòní. Ti ọdún 1958 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà Póòpù Pius Kejìlá, Riccardo Galeazzi-Lisi, ta ìròyìn àìsàn ọ̀gá rẹ̀ fún àwọn oníwèé ìròyìn, ó ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń kú lọ, ó sì tún fi ọ̀nà kan tí kò yẹ tọ́jú òkú náà, tó fi jẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Àwọn Kádínà, ìyẹn àwọn àgbà àlùfáà tó ń yan Póòpù, lé e jáde ní Vatican. Látàrí irú nǹkan báyìí ni òfin tí John Paul Kejì ṣe ní ọdún 1996 ṣe kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò Póòpù tó ń ṣàìsàn tàbí tó ti kú, àfi bí Kádínà tó ń bójú tó ilé bá fọwọ́ sí i lẹ́yìn ikú, kìkì kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí. Nítorí náà, bí màmá kò bá rí fọ́tò Póòpù lórí ibùsùn ọsibítù, òfin ló fà á.

Kádínà tí mo ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní Camerlengo. Òun ló ń di ilé mú láti ìgbà tí Póòpù bá ti kú títí wọn ó fi yan òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, Kádínà Kevin Farrell ni, òun náà ló kéde ikú Póòpù fún ayé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Ẹ sọ fún aládùúgbò yín pé òòlù fàdákà kò sí nínú ìwé ètò náà. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn ni dókítà fi mọ̀. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, Camerlengo àti àwọn díẹ̀ pé jọ sí ilé àdúrà Santa Marta, wọ́n jẹ́rìí sí ikú náà, wọ́n sì gbé òkú sínú pósí. Wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù pupa àti ìda di ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, wọ́n sì lẹ èdìdì mọ́ ọn. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí orí òkú. Òrùka Póòpù àti èdìdì rẹ̀ ni wọ́n fi bà jẹ́ lójú àwọn Kádínà ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má lè fi orúkọ ẹni tó ti lọ tẹ ìwé.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù láti ṣàlàyé ni ti pósí. Ṣáájú Francis, pósí mẹ́ta ni wọ́n máa ń sin Póòpù sí, ọ̀kan nínú ọ̀kan: ti igi sípírẹ́sì, ti òjé tàbí síǹkì, àti ti igi óákù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin Benedict Kẹrìndínlógún ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Francis fúnra rẹ̀ ló sì darí ìsìn náà. Orí pẹpẹ gíga ni wọ́n sì máa ń tẹ́ òkú Póòpù sí kí èrò lè wò ó láti ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tó kù bí ọdún kan kó kú, Francis fọwọ́ sí ìwé ètò tuntun. Pósí kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀, ti igi, tí wọ́n tẹ́ síǹkì sí nínú. Kò sí pẹpẹ gíga mọ́. Ohun tó fẹ́ ni kó hàn pé olùṣọ́ àgùntàn kan, ọmọ ẹ̀yìn Kristi, ni wọ́n ń sin, kì í ṣe alágbára ayé yìí.

Láti ọjọ́ 23 títí di 25 oṣù Kẹrin ọdún 2025, nǹkan bí 250,000 èèyàn tò kọjá níwájú òkú náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Pupa ni ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un, torí pupa ni àwọ̀ ọ̀fọ̀ àwọn Póòpù. Rósárì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà dúdú tó ti lò gbó ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti pósí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ka ìwé kan tí wọ́n kọ ìtàn ayé rẹ̀ sí, wọ́n ká a sínú ọ̀pá irin, wọ́n fi sí inú pósí pẹ̀lú àpò owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n rọ nígbà tirẹ̀. Wọ́n fi aṣọ sílíkì funfun bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti síǹkì pa, wọ́n sì de ìdérí igi.

Ní ti ọjọ́ márùn-ún tó ya màmá lẹ́nu, òfin ọdún 1996 yẹn náà ló sọ pé láàárín ọjọ́ kẹrin sí ìkẹfà lẹ́yìn ikú ni kí wọ́n sin Póòpù, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. John Paul Kejì kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2005, wọ́n sin ín ní ọjọ́ 8. Àwa tí a mọ̀ pé òkú àgbà lè wà ní mọ́ṣúárì fún oṣù mélòó kan kí àwọn ọmọ tó tòkè òkun dé, kí wọ́n tó ra aṣọ ẹbí, ó lè dà bí ìkánjú lójú wa. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀fọ̀ kì í parí lọ́jọ́ ìsìnkú: ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń rú ẹbọ Míísà fún ẹni tó lọ, ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n sì ti ń kà á.

Inú ilẹ̀ ńkọ́? Francis kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Paul Kẹfà, tó kú ní ọdún 1978, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé inú ilẹ̀ gan-an ni kí wọ́n sin òun sí. Pósí igi lásán ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní gbàgede fún un, ìwé Ìhìnrere sì wà lórí rẹ̀. John Paul Kejì, tí màmá lè rántí pé ó wá sí Ìbàdàn ní ọdún 1982, kọ ohun kan náà. Ohun tí Francis fi kún un ni pé kò fẹ́ kí wọ́n sin òun sí Vatican rárá.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni déètì ìwé ìhágún rẹ̀. Ó sọ nínú rẹ̀ pé Màríà Mímọ́ ni òun fi ayé òun lé lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà inú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Maggiore ni kí wọ́n sin òun sí, nínú ilẹ̀, láìsí ọ̀ṣọ́, kí wọ́n kọ Franciscus, orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn, nìkan sí i. Ó ní ẹnì kan ti ṣètò owó ìsìnkú náà. Ó tún ní ìyà tí òun jẹ ní apá ìkẹyìn ayé òun, òun fi rúbọ sí Olúwa fún àlàáfíà ayé. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kì í ṣe àjèjì sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n yàn án, 14 oṣù Kẹta ọdún 2013, ibẹ̀ ló lọ fún àdúrà níwájú àwòrán Màríà tí àwọn ará Róòmù ń pè ní Salus Populi Romani. Bí ó bá fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ibẹ̀ ló ń lọ. Bó bá dé, ibẹ̀ ló ń padà sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́sibítù, kò tíì dé ilé tó ti yà síbẹ̀ láti fi òdòdó ránṣẹ́ sí Màríà. Póòpù méje ló ti wà níbẹ̀ kí ó tó débẹ̀, Clement Kẹsàn-án tó kú ní ọdún 1669 sì ni ìkẹyìn wọn.

Ìsìn ìsìnkú wáyé ní gbàgede Pétérù Mímọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Kádínà Giovanni Battista Re, ẹni ọdún 91, ló darí rẹ̀. Àwọn olórí ìjọba pọ̀ níbẹ̀, àwọn ni kámẹ́rà sì ń wá kiri. Lójú tèmi, ibi tó yẹ kí màmá wò ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n gbé pósí sórí ọkọ̀ funfun, ọkọ̀ náà rọra la ìgboro Róòmù kọjá, nǹkan bí kìlómítà mẹ́fà, èrò tò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Nígbà tó dé Santa Maria Maggiore, kì í ṣe ààrẹ tàbí ọba ló dúró dè é lórí àtẹ̀gùn. Àwọn tálákà ni, àwọn tí kò nílé, àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àwọn tó sá wá láti ilẹ̀ mìíràn, nǹkan bí 40 wọn, òdòdó róòsì funfun lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló kí i káàbọ̀. Wọ́n wá gbé e wọlé, wọ́n sì sin ín láìsí kámẹ́rà tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Bí màmá bá tún ní irú ìsìnkú wo nìyẹn, ẹ sọ ibi yìí fún wọn.

Ní ti ẹni tó gbapò, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn Kádínà 133 wọlé ìdìbò ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì yan Leo Kẹrìnlá lọ́jọ́ kejì. Kádínà Peter Okpaleke ló dìbò láti Nàìjíríà. Kádínà John Onaiyekan, ọmọ Kàbà, ti lé ní ọdún 80, ẹni tó bá sì ti kọjá ọjọ́ orí yẹn kì í wọlé ìdìbò.

Kí ẹ̀gbọ́n yín tó ń lọ sí Róòmù wọ ọkọ̀ ojú irin dé ibùdókọ̀ Termini. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn dé Santa Maria Maggiore, kò jìnnà. Wọn á yẹ ẹrù rẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í gba owó ìwọlé. Kó wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún. Bó bá ti wọlé, kó gba apá òsì. Ibojì náà wà láàárín ilé àdúrà Pauline tí àwòrán Màríà wà àti ilé àdúrà Sforza. Òkúta mábù láti Liguria, ilẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Ítálì, ni wọ́n fi ṣe é. Orúkọ kan ni yóò rí lórí rẹ̀, àwòkọ àgbélébùú tó máa ń fi sọ́rùn sì wà lára ògiri lókè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í jẹ́ kí èèyàn dúró pẹ́ bí èrò bá pọ̀, nítorí náà bí màmá bá ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà tí wọ́n fẹ́ kó bá wọn gbà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ fún un kó tó kúrò nílé.